Ilé Onítáyà Lórí Òkè Colorado

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé kan ń gbé inú ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń wọ́. Èyí tó tóbi lè gùn tó kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 tí tírélà ń gbé jáde ní Àpápá. Bí wọ́n bá ń kó láti Denver lọ sí Utah, àwọn kan nínú wọn a háyà awakọ̀ tó mọṣẹ́.

Ọ̀nà I-70 ni yóò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ yé yín. Ó ń gun òkè títí dé Eisenhower Tunnel, ihò tí wọ́n lù la inú òkè, tí wọ́n ṣí ní 1973, tó ga ju mítà 3,300 lọ sí ojú òkun. Lẹ́yìn rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títí dé Silverthorne. Wọ́n la ẹ̀ka ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá kọ̀ lè yà sí i, kí òkúta dá a dúró. Awakọ̀ tó gbọ́n ti fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀ láti òkè.

Nítorí náà, ẹ má wo owó pọ́ọ́kú nìkan. Ẹ béèrè nọ́ńbà USDOT awakọ̀ náà, kí ẹ yẹ àṣẹ àti adójútòfò rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ya fọ́tò ilé náà yípo kó tó gbéra. Ibùsùn ọmọ àti ìkòkò ọbẹ̀ yín ló fẹ́ wọ́ lọ yẹn.