Sìgá Tí Kò Jẹ́ Sìgá

Ọ̀rọ̀ sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè ní vape, ni mo mú wá lónìí. Kí ló dé tí àwọn ọmọ tí kò mu sìgá rí fi ń lò ó? Mo rò pé ọwọ́ èdè wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́, ìlú tí àwọn ọmọ FUTA kún fọ́fọ́, pé ṣé ó ń mu sìgá, yóò búra pé òun kò mu ún rí. Bí ẹ bá dárúkọ vape, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn kì í ṣe sìgá, sà," ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi wí. Kò sì purọ́ lójú ara rẹ̀. À ń mu sìgá bí a ti ń mu tábà, bí a sì ti ń mu ọtí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló so wọ́n pọ̀, ìdí nìyẹn tí amusìgá àti ọ̀mùtí fi jọ ń gba èébú lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n "mo ń vape" ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wí. Ọ̀rọ̀ àjèjì náà ti di ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì bá ìtìjú kankan tan.

Òórùn tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé fi aṣọ bò. Wọn kò tí ì rí èéfín tó ń ta sánsán bíi máńgò, tí í pòórá kí onílé tó kan ilẹ̀kùn!

Ará Ṣáínà kan, Hon Lik, apòògùn tí òun fúnra rẹ̀ kúndùn sìgá, ló ṣe irú èyí tó gbòde yìí ní ọdún 2003, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ sìgá. Ọ̀nà tí ó là láti jáde ni àwọn ọmọ wa ń gbà wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ló ní nicotine, ohun kan náà tí kì í jẹ́ kí ìyá àgbà lè fi aáṣáà rẹ̀ sílẹ̀. Òfin ìdarí tábà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 kò gbà kí a ta tábà fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì kò ju 16 tàbí 17 lọ. Àwọn olùtajà náà ti mọ ìdáhùn: èyí kì í ṣe tábà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Oǹdó, tí ó ń kọ́ kẹ́mísírì, ṣàlàyé gbogbo èyí ju bí mo ti lè ṣe lọ. Ìwé kíkà òru nígbà ìdánwò ló ní ó mú òun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ló fún òun fà. Ìdánwò ti parí tipẹ́. Nígbà tí ó gbìyànjú àtifi í sílẹ̀, orí ń fọ́ ọ, inú ń bí i sí gbogbo ènìyàn, ìwé kò sì wọ̀ ọ́ lórí mọ́. Ó bi mí pé kí ni à bá máa pè é ní Yorùbá. Mo ní sìgá oníbátìrì. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú màmá mi."