Aṣọ Tí Ìyá Mi Fi Pamọ́ Dè Mí

Àpótí onírin kan wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí èmi àti àwọn àbúrò mi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Aṣọ ìkókó mi ni ó wà nínú rẹ̀: fìlà olówùú mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan, àti aṣọ òkè pẹlẹbẹ tí ìyá rẹ̀ fi gbé mi ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, ìyá mi á kó wọn sí oòrùn, á tún wọn ká, á sì fi káńfọ̀ tuntun sí àárín wọn kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n. "Ọmọ rẹ ni yóò wọ̀ wọ́n," ni ó máa ń wí. Ó fi ayé sílẹ̀ ní 2021, ọdún mẹ́ta kí n tó lóyún. Nígbà tí àbúrò mi gbé àpótí náà wá fún mi ní Ìbàdàn tí mo sì ṣí i, òórùn káńfọ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, nítorí pé òórùn ìyá mi ni.

Mo fọ àwọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò fẹ́ kí òórùn náà tán.

Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ọkọ mi, mùsùlùmí sì ni gbogbo ilé wọn. Láàárín àwa Yorùbá, èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yà ẹnu sí. A jẹ ẹran Iléyá, a jẹ ìrẹsì Kérésìmesì, ilé kò sì tú. Nítorí pé ìyá tèmi kò sí mọ́, ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà, ni ó wá bá wa wẹ ọmọ. Kí n má purọ́, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí kí ó tó dé. Kì í ṣe ẹ̀sìn ni mo bẹ̀rù. Àgbo ni. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa ní ilé ìwòsàn aboyún pé ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù 6, kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ mu àgbo, àfi oògùn tí dókítà bá kọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé gàdàgbà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Àlájà kò mọ ìwé ABD kà, Lárúbáwá ni ó ń kà. Ó ní kí ọmọ òun ka ohun tí ó wà níbẹ̀ fún òun. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí dé òpin. "Ọmú nìkan," ni ó wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

N kò gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo bímọ, bí ó ti kí ìrun àsùbáà tán, ó gbé ọmọ lọ sí ojú fèrèsé níbi tí ojúmọ́ ti ń wọlé. Ó fi àtàǹpàkò rọra tẹ iwájú orí rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó tún wò ó. "Ìyá Ìkókó, ojú ọmọ yìí ń pọ́n. Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí ọsibítù."

"Àlájà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Yóò lọ fúnra rẹ̀. Mo ti kà á."

Òótọ́ ni mo kà. Ọ̀pọ̀ ìkókó ni ara wọn máa ń pọ́n láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ó sì máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Ṣùgbọ́n ìdajì ojú ìwé náà ni mo fi sọ́kàn. Ìdajì kejì sọ pé bí pípọ́n náà bá dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, bí ọmọ kò bá mu ọmú dáadáa mọ́, bí oorun rẹ̀ bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí a má ṣe dúró. N kò rántí èyí nítorí pé ọkàn mi wà lára ohun mìíràn: mo rò pé Àlájà ń wá ọ̀nà tí yóò gbà dé ìdí ìkòkò àgbo ni, pé bí a bá ti gbà pé ọmọ ń ṣàìsàn, ewé ni yóò tẹ̀ lé e. Obìnrin náà ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn, èmi tí mo kàwé ni mo ní kí a má lọ.

Ní òru ọjọ́ karùn-ún, ọmọ kò jí láti mu ọmú. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó fún mi ní ọmọ tí kì í fi òru dá ènìyàn lóró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí inú ìbẹ́pẹ tí ó ti pọ́n.

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ. Wọn kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní gìgísẹ̀ rẹ̀, kò sì ké tó bí ó ti yẹ kí ó ké. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń retí èsì. Ibẹ̀ ni mo ti yí sí ọkọ mi, tí mo sì gbé ohùn sókè kí ẹni tí mo ń bá wí lè gbọ́: "Ẹ bi ìyá yín léèrè ohun tí wọ́n fún ọmọ mi mu." Ẹ ò rí i bí èdè wa ti rí: mo lo "yín", mo lo "wọ́n", ọ̀wọ̀ kò yẹ̀ lẹ́nu mi, síbẹ̀ n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà rí. Orí bẹ́ǹṣì tí ó kọjú sí wa ni Àlájà wà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ.

Dókítà tí ó jáde sí wa kò lè jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí èmi àti ọkọ mi ní. Ó béèrè bóyá a fi róòbù tàbí páúdà onímẹ́ńtọ́ọ̀lù pa ọmọ lára. Mo ní rárá. "Káńfọ̀ ńkọ́?" Kí n tó dáhùn, ó ti gbé fìlà tí ó wà lórí ọmọ, ó gbé e sí imú. "Níbo ni aṣọ yìí ti wá, mà?"

Báyìí ni ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, tí ó máa ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Àwọn kan wà tí tiwọn kò tó, wọ́n sì pọ̀ ní ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà bí i tiwa. Ẹlòmíràn lè gbó kí ó tó kú láìmọ̀ pé òun wà lára wọn. Ṣùgbọ́n bí naphthalene tí wọ́n fi ṣe káńfọ̀ yẹn bá kàn wọ́n, tàbí bí wọ́n bá lo àwọn oògùn kan, ẹ̀jẹ̀ pupa wọn á máa fọ́. Láti ara ẹ̀jẹ̀ tí ó fọ́ ni pípọ́n náà ti ń wá. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì lágbára láti gbé e jáde, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ. Ó lè gba etí ọmọ, ó lè gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọkùnrin ni ó máa ń mú jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti wá, nígbà náà. Èmi ni mo fún un ní àìtó náà, èmi náà ni mo sì wọ aṣọ fún un.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí abẹ́ iná búlúù, wọ́n fi aṣọ bo ojú rẹ̀, wọ́n bọ́ gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀ àfi ìlédìí. Dókítà ní kí a wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pé bí kò bá fi ìrọ̀lẹ́ wálẹ̀, àwọn yóò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ọkọ mi lọ. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ó ti wá sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí a ṣì máa wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n mú iná lọ ní òru náà, iná búlúù náà sì kú kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn. Nínú òkùnkùn náà, tẹ̀sùbáà Àlájà nìkan ni mo ń gbọ́, kó, kó, kó.

Mo kà nípa iná yẹn lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 1956, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Jean Ward, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa gbé àwọn ìkókó tí kò tó ọjọ́ jáde sí oòrùn, ó sì ṣàkíyèsí pé ibi tí oòrùn bá dé lára wọn kì í pọ́n mọ́. Láti ara àkíyèsí yẹn ni àwọn dókítà ibẹ̀ ti dé orí iná tí wọ́n kọ ìwé lé lórí ní 1958. Nítorí náà, àwọn ìyá wa tí ń gbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ kò ṣi ohun tí wọ́n rí mú. Oòrùn ojú fèrèsé ni kò lágbára tó fún irú èyí tí ó mú ọmọ mi.

Ẹ óò bi mí bóyá mo gbàdúrà. N kò lè gbà á. Mo ti fi odindi oṣù 9 gbàdúrà fún ọmọ yìí, pẹ̀lú ààwẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, aṣọ ìyá mi ni mo ń rí. Ìyá àgbà kan láti ìjọ wa pè mí lórí fóònù. Ó ní a fi hàn òun pé ọwọ́ ọ̀tá wà nínú ọ̀ràn náà, láti ìhà ilé ọkọ. Mo ti gbọ́ àlàyé dókítà ní àkókò yẹn, mo ti mọ ọwọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ kí ohun tí ìyá náà wí jẹ́ òótọ́. Ìyẹn ń tì mí lójú ju ohun tí mo sọ sí Àlájà lọ.

Ní òru kejì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Dìde," ni ó wí, "ojú ọgbẹ́ rẹ kò tíì jinná." N kò dìde. Ó dákẹ́ pẹ́. "Mo bí ọ̀kan ṣáájú ọkọ rẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n báyìí. Omi ewé ni a fi ń wẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n rí.

Ọjọ́ kẹjọ bá wa ní ilé ìwòsàn. A ti sanwó kánópì, wọ́n sì ti pa ẹran. Nítorí náà, àlùfáà àti pásítọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ilé ní Mọ́níyà, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ láìrí ọmọ. Àlájà kò lọ. Ó mú oyin, orógbó, atare àti iyọ̀ jáde láti inú báàgì rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí wa. Èmi ni ó tọ́ wọn wò fún. "Ọmú nìkan," ni ó wí, ó ń wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, "Orúkọ wo ni ìyá rẹ ì bá sọ ọ́?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu sí etí ihò tí ó wà lára ẹ̀rọ náà, ó sì pe orúkọ yẹn ṣáájú gbogbo orúkọ tí ilé tirẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó gbàdúrà sí i ní èdè Lárúbáwá. N kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Mo ń ṣe àmín. Ìyẹn ni àdúrà àkọ́kọ́ tí mo gbà láti ọjọ́ tí a ti dé ibẹ̀, kò sì tíì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní.

Ọmọ ti pé ọ̀sẹ̀ 11 báyìí. Ó ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìwé kan wà nínú àpò mi tí mo ń fi han gbogbo ilé oògùn tí mo bá wọ̀, mo sì ti bẹ gbogbo ẹni tí yóò gbé e pé kí wọ́n má fi aṣọ tí káńfọ̀ ti kàn gbé e. Ọkọ mi ní kí a sun àwọn aṣọ inú àpótí náà. Àlájà ní a kì í sun aṣọ òkú tí kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni, ó sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó fi súwẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn sílẹ̀ fún mi, nínú ọ̀rá tí a dì pinpin. Nígbà mìíràn, bí ọmọ bá ti sùn, mo máa ń ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, mo máa ń tú ọ̀rá náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá, bí Àlájà ti ń ṣe àlùwàlá, mo sì máa ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó tún gbé e.

Ní oṣù tí ń bọ̀ ni a óò gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, Àlájà a máa pè láti Ìsẹ́yìn; èmi a gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, òun a sì máa ki í. Ní àárọ̀ yìí, ọmọ yí orí sí ìhà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú fóònù náà ń tàn ní àkókò kan náà, ó sì lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wò. Mo da ojú fóònù náà délẹ̀, mo sì ní kí Àlájà jọ̀wọ́ tún un kì.