Ìgò Ò Lè Rọ́pò Sípíà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láyé òde òní, kó tó tan ẹ́ńjìnnì gbọ́, kó kọ́kọ́ ṣí búùtù, kó gbé kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sókè. Nígbà mìíràn, ibi tó yẹ kí sípíà wà, fóòmù kan ni yóò bá níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ihò sí: ọ̀kan fún pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré, èkejì fún ìgò oògùn táyà. Tí ọkọ̀ náà bá sì ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun, ìgò lè má sí níbẹ̀ mọ́, tàbí kí ọdún tí wọ́n kọ sí i lára ti kọjá.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní ìdí tiwọn. Táyà pẹ̀lú rímù, jáàkì àti súpánà lè wọn tó 20 kílò. Bí ọkọ̀ bá fúyẹ́, epo tó ń jẹ á dín kù díẹ̀, èéfín rẹ̀ náà á dín kù, òfin èéfín sì le ní Yúróòpù. Owó tí wọn ì bá fi ra táyà karùn-ún á tún dúró sápò wọn. N ò bá wọn jà. Lọ́dọ̀ wọn, bí ìgò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, èèyàn á pe ọkọ̀ tó máa wá wọ́ tirẹ̀ lọ, á sì jókòó dè é.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ wù mí púpọ̀. Oje rọ́bà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ ohun tí kì í jẹ́ kó dì nígbà òtútù. Ẹnu fáàfù ni wọ́n ń gbà tì í wọlé. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti ń yí, oje náà á máa tàn káàkiri. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sá jáde, ibẹ̀ lòun náà ń sá lọ, á sì dì síbẹ̀. Bí ìṣó bá gún táyà níbi tó ń tẹ ilẹ̀, ó kápá ẹ̀. Àmọ́ bí ihò bá ti ju nǹkan bíi mìlímítà 6 lọ, tàbí tó bá jẹ́ etí táyà ló ya, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára rẹ̀. Bó bá sì dí ihò náà pàápàá, ọ̀pọ̀ ìgò ló ń kìlọ̀ pé kí awakọ̀ má sá ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kó sì wá ẹni tó máa tún táyà ṣe.

Ẹ wá wo ọ̀nà tiwa. Ìṣó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu kòtò tó wà lójú títì, níbi tí ọ̀dà ti jẹ, tó mú bérébéré, tí omi òjò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ á kó sí i pẹ̀lú eré, etí táyà á há sáàárín ọ̀dà àti rímù, okùn inú rẹ̀ á já, rímù fúnra rẹ̀ á ká. Ẹ da ìgò mẹ́wàá sí i.

Ihò ìṣó tí oògùn yẹn sì lè dí, fọkanáísà orí ìta wa ń fi okùn rọ́bà dí i lójú ẹsẹ̀ láì tú táyà. Bàbá kan tí mo máa ń dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́nà Ifẹ̀ kórìíra oògùn náà dé góńgó. Ojú mi ló ṣe fi irin méjì tú táyà oníbàárà kan kúrò lára rímù. Omi funfun ṣàn jáde bí ẹ̀kọ mímu, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lẹ̀ mọ́ rímù, ó nù ún títí, kò lọ.

“Ọ̀gá mi,” ó ní, “ẹ bá mi sọ fún wọn o. Gọ́ọ̀mù mi ò ní mú níbi tí nǹkan yìí bá wà.”

Ó gba owó ìfọ̀ lé owó iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Àbúrò mi obìnrin ò gbà fún mi o. Ó ní ṣé kí òun wá máa gun orí súpánà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, lójú ọ̀nà márosẹ̀, torí nọ́ọ̀tì tí fọkanáísà ti fi gbogbo agbára dè? Níbi tó dá, tó ṣókùnkùn, ohun tó bá lè jẹ́ kéèyàn tètè kúrò níbẹ̀ ló dáa jù. Ó jàre. Kó gbé ìgò rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n kó gbé sípíà náà, kó sì máa fi gèjì wò ó. Sípíà tínínrín tó ń bá àwọn ọkọ̀ mìíràn wá, 60 ni gèjì tí wọ́n kọ sí i lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti táyà tó kù, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní ju 20 lọ nínú. Àwọn Road Safety náà máa ń béèrè sípíà, jáàkì àti C-caution tí wọ́n bá dá èèyàn dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìgò hàn wọ́n, kó gbìyànjú ẹ̀, kó wá fún wa lábọ̀.

Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ ò bá ní sípíà lè rí ti àlòkù rà ní Ládípọ̀ ní Mushin. Kó wa ọkọ̀ náà lọ o, kó má fi ẹnu lásán júwe rẹ̀. Rímù oníhò márùn-ún méjì lè jọra lójú, kí àlàfo àárín ihò wọn má dọ́gba. Ẹni tó ń tà á á búra pé yóò wọlé. Kó wọ̀ ọ́ sí i ní ìṣojú yín, kẹ́ ẹ tó sanwó.