Bouaké, Ìlú Tí Wọ́n Ti Dáná Sun Ìbọn

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ fẹ́ mọ Côte d'Ivoire dunjú, ẹ má dúró sí Abidjan, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò pọ̀ sí, nìkan. Ẹ gba Yamoussoukro, níbi tí Póòpù John Paul Kejì ti ya ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sí mímọ́ lọ́dún 1990, kí ẹ tó forí lé Bouaké, ilẹ̀ àwọn Baoulé. Ìtàn wọn sọ pé Ọbabìnrin Pokou fi ọmọ rẹ̀ rúbọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè la odò Comoé já. Lọ́dún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, wọ́n fi ṣe ibùdó. Ní ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 2007, wọ́n dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré ìlú náà. Bí ẹ bá sùn níbẹ̀ tí ẹ jí ire, ẹ dúpẹ́: ọ̀pọ̀ ni kò rí àárọ̀ yẹn.