Èènì Obìnrin Chichicastenango

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Oko tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín jìnnà: orílẹ̀-èdè Guatemala ni, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ìpàdé àwọn olùkọ́ ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Nígbà tí ìpàdé parí, ó ku ọjọ́ kan kí n padà sílé, ni èmi àti àwọn méje mìíràn bá san owó fún amọ̀nà kan, kí ó mú wa lọ wo ahoro ìlú Iximché àti ọjà Chichicastenango.

Ọjọ́bọ̀ ni a lọ, nítorí Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Àìkú ni ọjà náà ń ná. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí a kúrò ní Antigua. Ọmọ Kaqchikel ni amọ̀nà wa, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Maya tí ó wà ní ilẹ̀ náà. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ni wọ́n tẹ Iximché dó ní nǹkan bí ọdún 1470, lẹ́yìn tí àwọn àti àwọn K'iche', tí wọ́n ti jọ ń jagun tẹ́lẹ̀, pínyà. Àfonífojì jíjìn yí orí òkè náà ká. Níbi tí àfonífojì kò dé, wọ́n gbẹ́ yàrà sí i. Bí mo ti dúró létí yàrà náà, ọkàn mi lọ sí Akaba Ìdẹ̀nà ní Kétu, àti yàrà tí àwọn tiwa gbẹ́, tí kò sì lè dá ogun Dànhọmẹ̀ dúró ní 1886.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú yàrà ni ewu gbà wọ Iximché. Ní 1524, Pedro de Alvarado àti àwọn ọmọ ogun Sípéènì dé. Àwọn ọba Kaqchikel gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì bá wọn gbógun ti K'iche'. Kò pẹ́ tí àlejò fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wúrà. Wọ́n kó o wá. Àlejò ní kò tó. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ará ìlú ti fi ilé sílẹ̀, wọ́n sá wọ igbó. Ní 1526, àwọn ará Sípéènì tiná bọ ìlú náà. Ohùn jẹ́ẹ́ ni amọ̀nà wa fi sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ibojì. Lẹ́yìn àwọn ògiri òkúta, ìdílé kan ń tan àbẹ́là, wọ́n ń gbàdúrà ní èdè wọn. Ìlú ti di ahoro. Àwọn tó ni ín kò parun.

A dé Chichicastenango kí ọ̀sán tó pọ́n. Orí pèpéle ibi ìsìn àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santo Tomás sí, ní nǹkan bí ọdún 1540. Àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún, iye oṣù tó wà nínú kàlẹ́ńdà Maya, oṣù kọ̀ọ̀kan ní ogún ọjọ́. Èéfín tùràrí bo orí àtẹ̀gùn náà. Ní ìlú yìí ni àlùfáà Francisco Ximénez ti da Popol Vuh kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìwé tí ó sọ pé àgbàdo ni a fi mọ ènìyàn.

Amọ̀nà fún wa ní wákàtí méjì. Mo rí ẹ̀wù kan tí obìnrin àgbàlagbà kan hun. Ó pe ẹgbẹ̀ta quetzal. Mo ná an bí ọmọ ọjà, mo yí ẹ̀yìn padà bí ẹni ń lọ, ó pè mí, mo sì rà á ní àádọ́ta-dín-nírinwó. Mo ń yangàn nígbà tí mo fi í han amọ̀nà. Ó fọwọ́ pa á, ó ní, ‘Ẹ̀wù báyìí lè gba oṣù mẹ́ta.’ Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi ń hun ẹní. Ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnu, ó ná ẹní rẹ̀ títí ó fi gbà á ní owó tí kò bójú mu. Òjò ti ṣú, ìyá mi kò fẹ́ ru ẹní padà sílé. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bó ti ń lọ. Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ẹ̀rín ọkùnrin náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rín yìí.

Mo sáré padà pẹ̀lú àádọ́jọ quetzal. Obìnrin náà mi orí: ọjà ti parí. Nígbà tí mo kọ̀ tí n kò lọ, ó gba owó náà, ó fa ọ̀já híhun kan yọ lábẹ́ ẹrù rẹ̀, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Kò fẹ́ ìtọrẹ àánú. Ó fẹ́ kí ó jẹ́ ọjà láàárín wa. Mo ní, ‘Maltyox,’ bí amọ̀nà ti kọ́ mi láti dúpẹ́ ní èdè wọn.

Nígbà tí mo délé, mo kó méjèèjì fún ìyá mi. Ó yí ọ̀já náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fínnífínní, ó béèrè iye tí mo san. Mo ní, ‘Èènì ni, Màmá.’

Ó rẹ́rìn-ín. ‘Ẹni tó hun èyí,’ ni ó wí, ‘mọ ọjà í ná.’