Ẹ̀ka Tó Di Igi

Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ tó ti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ kì í yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ti gúrófà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbin kóró rẹ̀, igi tó máa hù lè má jọ ìyá rẹ̀: èso rẹ̀ lè kéré, ó sì lè má dùn tó o. Ẹni tó bá fẹ́ igi kan náà gan-an, ara ẹ̀ka ni yóò ti mú un.

Ní ọdún tó kọjá, ẹbí wa ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó rà á fún wa di òpin oṣù Kẹjọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé. Orí ilẹ̀ náà ni gúrófà tí Ìyá Àgbà gbìn nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré wà. Ìyá Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ilẹ̀. Igi yẹn nìkan ni wọ́n ń dárúkọ.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ti kọ́ wa ní air-layering, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀ka fi ń ta gbòǹgbò kí a tó gé e kúrò lára igi. Ní oṣù Kẹfà, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, mo yan ẹ̀ka mẹ́ta. Mo fi ọ̀bẹ mímú bó èèpo wọn yíká, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 3. Mo ha ohun yíyọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dànù, kí èèpo má bàa tún pàdé. Mo po iyẹ̀pẹ̀ àti ìyẹ̀rẹ̀ pákó tó ti jẹrà mọ́ omi, mo fi bò ó, mo fi ọ̀rá wé e, mo sì so ó pinpin lókè àti nísàlẹ̀.

Ìyá Àgbà wò mí títí. "Ọmọ mi, ṣé o ò ti pa á báyìí?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé inú igi ni omi ń gbà gòkè, nítorí náà ẹ̀ka kò ní rọ. Èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń ṣe ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bó bá dé ojú ọgbẹ́, kò ní rí ọ̀nà kọjá. Ibẹ̀ ni yóò kó jọ sí, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò yóò ti yọ.

"Á jẹ́ pé ó ṣì ń mu ọmú," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, gbòǹgbò funfun hàn nínú ọ̀rá méjì. Ìkẹta kò ta. Mo gé méjèèjì lábẹ́ ọ̀rá, mo já díẹ̀ nínú ewé wọn, mo gbìn wọ́n sínú àpò, mo sì gbé wọn sábẹ́ ibòji. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gé igi àgbà náà lulẹ̀. Ìyá Àgbà kò jáde wò ó.

Ọ̀kan wà níwájú ilé wa báyìí, èkejì wà ní ilé-ìwé. A so ọ̀pá mọ́ wọn, nítorí igi tó ti ara ẹ̀ka wá kì í ní olórí gbòǹgbò tó wọlẹ̀ ṣinṣin, atẹ́gùn lè tètè wó o. Ti iwájú ilé ti tanná.

Ẹ̀yin tí igi àgbà wà lẹ́yìnkùlé yín, ẹ má dúró di ọjọ́ tí oníayùn bá dé. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ọjọ́ méje kò ní rí i ṣe.