Apá Òsì Méjì

Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Òṣogbo kì í ṣe aṣọ rírán. Aṣọ títú ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń já òwú pẹ̀lú abẹ fẹ́lẹ́, tí mo ń ṣa ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò lójú aṣọ. Bí mo bá fẹ́ dọ́gbọ́n sí i, ọ̀gá á ní: "Ibi tó bá wọ́, tú u. Bí o bá rán òmíràn lé e, wíwọ́ méjì lo ní."

Ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn. Bí a bá fẹ́ gé apá ẹ̀wù, ṣe là ń ṣẹ́ aṣọ po kí ojú rẹ̀ kọjú síra, kí ọ̀tún àti òsì lè jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìkánjú ò jẹ́ kí n ṣẹ́ ẹ po. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gé e, n kò sì yí bébà tí mo fi ń gé e padà. Bí mo ṣe gé lẹ́ẹ̀sì oníbàárà ní apá òsì méjì nìyẹn, kò sì sí aṣọ tó ṣẹ́kù.

Ọ̀gá ń fẹ́ iná èédú inú áyọ́ọ̀nù nígbà tó bèèrè ẹni tó gé e. Mo ní n kò mọ̀. Ó tún bèèrè. Mo nawọ́ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ọmọ náà wò mí, kò sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó gba Ìkìrun lọ sílé bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àjíǹde mo sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bẹ Ọlọ́run, ara mi sì fúyẹ́. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó sídìí maṣíìnì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àga ọmọ náà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti rán òmíràn lé e. Ìrònúpìwàdà ni àwọn àgbà tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè é: kí èèyàn ronú, kó sì pa ìwà dà. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe.

Iná áyọ́ọ̀nù ló mú mi rántí Pétérù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Ìyìn Rere Jòhánù sọ̀rọ̀ iná èédú. Ní orí 18, ìdí rẹ̀ ni Pétérù ti ń yáná tó sì ń sẹ́ Olúwa rẹ̀. Ní orí 21, Jésù tó ti jíǹde ló fúnra rẹ̀ dá a sí etí òkun Tìbéríà, ó yan ẹja lé e, ó sì bi Pétérù lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun, iye ìgbà tó fi sẹ́ ẹ gan-an. Ibi tó wọ́ ni Olúwa ti ń tú u. Júdásì náà kábàámọ̀. Ó tilẹ̀ dá ọgbọ̀n owó fàdákà padà. Ṣùgbọ́n ó ti pokùnso kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ọjọ́ tí ì bá rí ẹni tí yóò dárí jì í. Ohun tí Àjíǹde jẹ́ fún mi nìyẹn: Ẹni tí a ṣẹ̀ wà láàyè, ó ṣeé lọ bá. Bí Jésù bá wà nínú ibojì, ọ̀dọ̀ ta ni Pétérù ì bá gbà?

Ọmọ tí mo ṣẹ̀ náà wà láàyè, ní Ìkìrun.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Kò nà mí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Wọ bàtà rẹ." Nígbà tí a débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ náà, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún òun náà, èmi tí mo jù ú lọ. Ọmọ náà ló sáré wá dì mí lápá mú: "Bọ̀dá, ẹ dìde nílẹ̀." Bọ̀dá ló ṣì ń pè mí.

Oṣù méje ni mo fi san owó lẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí mo gba fúrídọ́ọ̀mù, ọmọ náà ló rán ẹ̀wù tí mo wọ̀.